Olùkọ́ tó fẹ́ dán nǹkan tuntun wò ní kíláàsì: ìbéèrè tó ń wá láti Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ máa ń bi mí, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kíláàsì. Ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n ti ń kọ́ni: Kétu, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Ṣábẹ̀ẹ́. Mo kó ìdáhùn àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí ẹni tó bá tún béèrè lè rí ibi tí yóò kà á.

Kí lẹ ń pè ní nǹkan tuntun gan-an? Ṣé kọ̀ǹpútà ni?

Rárá o. Ohunkóhun tí olùkọ́ kò tíì ṣe rí ní kíláàsì rẹ̀, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ sínú fiche rẹ̀ (ìwé ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà) kó tó wọlé, nǹkan tuntun ni. Ẹni tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó láti ọdún mẹ́wàá kí àwọn ọmọ máa dà á kọ, tó wá pinnu pé lọ́la àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rántí kí òun tó mú ẹfun, ó ti dán nǹkan wò nìyẹn.

Kíkọ ọ́ sínú fiche ṣe pàtàkì. Ohun tó bá sọ síni lọ́kàn lójijì níwájú àwọn ọmọ lè bọ́ sí i, àmọ́ ẹni tí kò kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ṣé ìjọba gbà bẹ́ẹ̀? Èmi rò pé ètò ẹ̀kọ́ ti dè wá lọ́wọ́.

Ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìjọba yàn. Ọ̀nà tí ẹ óò gbà mú un débẹ̀, àyè pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Láti 1999 ni ètò tuntun tí wọ́n gbé ka approche par compétences (kíkọ́ ọmọ kó lè lo ohun tó mọ̀) ti ń wọ kíláàsì wa, láti CI (kíláàsì àkọ́kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) lọ sókè. Ohun tí ètò náà ń béèrè ni pé kí ọmọ lè fi ìmọ̀ yanjú ìṣòro, kí ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ látinú ìṣẹ̀lẹ̀ tó jọ ìgbé ayé rẹ̀. Olùkọ́ tó ń da situation (ìṣẹ̀lẹ̀ àpẹẹrẹ) inú guide (ìwé atọ́nà olùkọ́) kọ fún ọmọ Kétu láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà, òun gan-an ni kò tẹ̀lé ètò.

Àmọ́ o, ẹ kò lè yọ ẹ̀kọ́ kan kúrò nítorí pé kò wù yín. Ẹ kò sì lè fi wákàtí ìṣirò ṣe nǹkan mìíràn léraléra, kí ẹ wá pè é ní àdánwò.

Ohun tí mò ń ṣe ń lọ dáadáa. Kí ni mo tún ń wá kiri?

Tó bá ń lọ dáadáa lóòótọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ìlà ẹ̀yìn. Nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ọmọ mẹ́fà sí méje tó jókòó níwájú ló ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, àwa á sì máa rò pé kíláàsì ló dáhùn. Ẹ pe ọmọ kan láti ìlà tó kẹ́yìn, ẹ ṣí ìwé rẹ̀ ti oṣù tó kọjá, ẹ ní kó ka ohun tó kọ síbẹ̀ fún yín.

Tí kò bá lè ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ, a jẹ́ pé ewu ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ó ti mọ́ wa lára ni a kò fi kà á sí ewu mọ́. Àwọn tó ń bẹ̀rù nǹkan tuntun máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àtijọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ni, nítorí kò ní ná yín ní fàrànkì kan. Kí ẹ̀kọ́ òní tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí gbogbo ọmọ pa ìwé dé, kí wọ́n kọ ohun méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n rántí nínú ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sórí síléètì, kí wọ́n sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú yín á là. Ẹ óò rí síléètì tó ṣófo, ẹ óò sì rí ohun tí ẹ kò kọ́ wọn rí.

Ó dà bí ìdánwò, kì í sì í ṣe ìdánwò, torí náà ẹ má fún wọn ní máàkì. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń rántí nǹkan, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 2006 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn náà apá kan tún un kà, apá kejì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó fi orí ara wọn wá a ló borí.

Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó fi nǹkan mìíràn kún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí olùkọ́ yí ìjókòó padà, kó yí èdè padà, kó yí ìdánwò padà, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan ṣoṣo. Tó bá dára, kò mọ èyí tó ṣe é. Tó bá bàjẹ́, kò mọ èyí tó bà á jẹ́.

Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ kan tí mo lè gbé lọ sí kíláàsì.

Ìwọ̀n, ní CE2 tàbí CM1 (kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí lítà àti kílò bí ẹni pé ọmọ kò rí ẹni tó ń wọn nǹkan rí. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó lọ́jà mọ tóńgólò, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà, dáadáa. Ó mọ̀ pé àwọn kan máa ń tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ó tilẹ̀ mọ èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń rà yàtọ̀ sí èyí tó fi ń tà, àmọ́ ẹ má bi í léèrè ìyẹn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ mú tóńgólò kan, ìgò omi oní-lítà kan ààbọ̀ tó ti ṣófo, gàrí, àgbàdo gbígbẹ, àti òṣùwọ̀n kílò tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja dídì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: tóńgólò gàrí kan àti tóńgólò àgbàdo kan, èwo ló wúwo jù? Kí oníkálùkù kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí síléètì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn kan á kọ pé ọgbọọgba ni wọ́n, torí tóńgólò kan náà ni. Ẹ má ṣe là wọ́n níjà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí àgbàdo bá tẹ̀ ẹ́ ju gàrí lọ, ariwo tó máa sọ á dé kíláàsì kejì, àmọ́ kò sí ọmọ tó máa gbàgbé pé bí nǹkan ṣe tóbi tó àti bí ó ṣe wúwo tó kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ni omi. Lítà mélòó ló kún tóńgólò? Iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rí á yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀, torí ẹnì kan da omi sílẹ̀, ẹlòmíràn rọ ọ́ títí ó fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹnì kẹta dúró kó tó dé ẹnu. Inú ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: kí ni a óò ṣe kí gbogbo wa lè rí iye kan náà? Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ìdí tí ayé fi nílò lítà. Kí wọ́n tó dìde, ẹ kọ lítà, kílò àti gíráàmù sójú pátákó ní Faransé, pẹ̀lú ìṣirò méjì. Ìdánwò kò ní béèrè tóńgólò lọ́wọ́ wọn.

Kò ní tán nínú wákàtí kan nígbà àkọ́kọ́. Ẹ pín in sí méjì látìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ́ ẹní sílẹ̀, torí gàrí tó bá dà sórí ilẹ̀, oúnjẹ ẹnì kan ló ṣòfò.

Ìgbà mélòó ni kí n gbìyànjú kí n tó sọ pé kò ṣiṣẹ́?

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, torí ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ohun tó jẹ́ àṣà ojoojúmọ́, bíi ti síléètì, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ óò dúró yẹ̀ ẹ́ wò sínú fiche kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó bá bàjẹ́ kí ẹ tó ronú nípa ìdádúró, ìtìjú á mú yín máa bá a lọ.

Àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀. Ṣé ó ti ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ó dùn mọ́ wọn ni o. Ẹ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsọ fún wọn ṣáájú, ní ìbéèrè mẹ́ta tó jẹ́ kókó ẹ̀kọ́ náà. Tí ọmọ ìlà ẹ̀yìn tí mo sọ lókè bá lè dáhùn ọ̀kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan ti yí padà. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ iwájú nìkan ló tún ń dáhùn, eré ni ẹ ṣe.

Ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì mi. Ẹgbẹ́ wo ni mo fẹ́ pín wọn sí?

Ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́jọ kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọmọ méjì á ṣiṣẹ́, mẹ́fà á máa wo wọ́n. Níbi tí bẹ́ǹṣì kò ti ṣeé gbé, ẹ jẹ́ kí àwọn méjì tó jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Tó bá di ẹni mẹ́rin, kí bẹ́ǹṣì iwájú yíjú sẹ́yìn.

Ọ̀nà kan wà tó máa ń mú kí gbogbo ọmọ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Elliot Aronson àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Austin, ní Amẹ́ríkà, ní 1971, nígbà tí àwọn iléèwé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀, tí wọn kò sì gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ gba apá tirẹ̀, àwọn tí apá wọn bára mu kọ́kọ́ pàdé láti mọ̀ ọ́n dunjú, lẹ́yìn náà ni oníkálùkù padà sí ẹgbẹ́ rẹ̀ láti kọ́ àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó lè mọ gbogbo ẹ̀kọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹlòmíràn.

Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ní CP (kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀). Ọmọ tí kò tíì lè kàwé kò lè kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tó kà. Láti CM1 lọ sókè, ó dára, ní 6ème (ọdún àkọ́kọ́ girama) ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná kò sí, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, owó kò sí ńkọ́?

Ẹ wo òkè: kò sí ọ̀kan nínú ohun tí mo ti sọ tó nílò iná.

Ṣé kí n kó wọn jáde kúrò ní iléèwé?

Ẹ kó wọn jáde, tí ẹ bá mọ ìbéèrè tí wọ́n ń lọ dáhùn. Ní Kétu, Àkàbà Ìdẹnà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú àtijọ́, wà níbẹ̀. Ìtàn tó máa ń gba ojú ìwé kan péré, bí odi àti kòtò ṣe yí ìlú ká, bí àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣe wá fọ́ Kétu ní 1886, ọmọ lè dúró níwájú ẹnu ọ̀nà yẹn kó béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kó sì fi ìgbésẹ̀ wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn òkè àpáta ń wo kíláàsì látojú fèrèsé, síbẹ̀ àwòrán òkè inú ìwé la ń fi kọ́ wọn. Ní Àjàṣẹ́, ilé iṣẹ́ Songhaï tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì, ó ń fi ìdin bọ́ ẹja. Fún ẹ̀kọ́ nípa bí ohun alààyè ṣe ń jẹ ara wọn, kò sí ìwé tó lè ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Níbí, ewu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Zémidjan (ọ̀kadà akérò) kì í dúró fún ìlà ọmọ tó ń sọdá. Àgbàlagbà kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín, ìwé orúkọ lọ́wọ́, kí ẹ kà wọ́n nígbà tí ẹ ń lọ àti nígbà tí ẹ ń bọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ iléèwé máa ń fẹ́ bá yín lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n. Kí directeur (ọ̀gá iléèwé) sì mọ̀ ṣáájú, ní ìwé.

Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Faransé ni èdè ìjọba, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Àmọ́ abala 11 ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní ẹnu àti ní ìwé, ó sì ní kí ìjọba máa gbé àwọn èdè ilẹ̀ wa ga. Fífi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí kò yé ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mímú kí ọmọ gbé àmì ìtìjú kọ́ ọrùn torí pé ó sọ èdè ilé, bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, òun ló yẹ kó ti wa lójú.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé Faransé ọmọ á bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Wọ́n fi àwọn ọmọ mìíràn wé wọn. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì fi ọdún mẹ́fà tọ́ ọ. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí olùkọ́ kan ṣoṣo lè dá ṣe.

Èyí tí olùkọ́ kan lè ṣe ni kó fi ìkà Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ kan nínú ìyọkúrò. Bí Faransé ṣe ń sọ 75, ọgọ́ta pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí a ṣe ń sọ ọ́, márùndínlọ́gọ́rin, ọgọ́rin tí a yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. 80 ní èdè méjèèjì, ogún lọ́nà mẹ́rin ni. Ẹ kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú pátákó, kí àwọn ọmọ fi ìṣirò kọ ọ́: 60 + 15, 80 − 5. Ìyá àgbà tí kò lọ iléèwé rí ń yọ nǹkan kúrò lórí ní gbogbo ìgbà tó bá ka owó; kí ọmọ lọ bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo kíláàsì yín kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní Àjàṣẹ́, àwọn tó ń sọ Gùn lè pọ̀ ju àwọn tó ń sọ Yorùbá lọ. Ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ náà, ọmọ Fọ̀n, ọmọ Mahi, ọmọ Fúlàní lè wà níbẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ kan má ti í mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ní kí àwọn náà mú bí wọ́n ṣe ń kà nílé wá.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Ṣé mo lè mú un wọ kíláàsì?

Apá kan eré egúngún yìí, bẹ́ẹ̀ ni. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan lára ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣe iyebíye fún gbogbo ayé, ó sì wọ ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru, tó ń bú ọ̀lẹ àti olè àti alágbára tó ń rẹ́ni jẹ, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ọmọ 4ème (ọdún kẹta girama) tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn ta ko nǹkan. Ère gbígbẹ́ àti ọ̀dà rẹ̀ wà fún ẹ̀kọ́ ọnà.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ ti àwọn ìyá wa àti ti ìsìn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ bá àwọn àgbà tó ni í, ẹ béèrè ohun tó ṣeé sọ níwájú ọmọdé, kí wọ́n sì yan ẹni tó máa wá sọ ọ́. Òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kírísítẹ́nì lè má fẹ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú, ẹ sì ní iṣẹ́ mìíràn tó dọ́gba nílẹ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá kọ̀, kó má bàa di pé ẹ lé e síta.

Kí ni mo máa sọ tí inspecteur (alábẹ̀wò) tàbí conseiller pédagogique (olùdámọ̀ràn olùkọ́) bá ká mi mọ́ ibẹ̀?

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fiche han directeur. Ẹ kọ compétence (ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe) tí ẹ̀kọ́ náà wà fún sí òkè rẹ̀, bó ṣe wà nínú ètò gan-an, ẹ kọ ohun tí ẹ ń yí padà sí abẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ óò yẹ̀ ẹ́ wò. Alábẹ̀wò tó bá rí gàrí lórí tábìlì láìrí fiche á kọ ohun tójú rẹ̀ rí. Èyí tó bá rí fiche máa ń fẹ́ mọ bó ṣe parí.

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ má sì máa gbèjà ara yín kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dá a dúró, ẹ dá a dúró, ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n rí tí ẹ̀yin kò rí.

Bàbá ọmọ kan ní mò ń fi ọmọ òun ṣeré. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é wá, kí ọmọ rẹ̀ fi ohun tó mọ̀ hàn án. Kó tún wo ìwé ọmọ náà. Òbí tí kò rí nǹkan nínú ìwé kò ní gbà pé ẹ̀kọ́ wáyé, kò sì jẹ̀bi, torí ìwé yẹn nìkan ni fèrèsé tó fi ń wo iléèwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ kọ nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó dìde, bó ti wù kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́.

Ṣé kí n dán nǹkan wò ní CM2 (kíláàsì tó kẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) nígbà tí CEP, ìdánwò àṣejáde rẹ̀, ń bọ̀?

Ní apá àkọ́kọ́ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù tó kẹ́yìn, rárá. Ọmọ tó fẹ́ ṣe CEP tàbí BEPC (ìdánwò ìparí apá àkọ́kọ́ girama) nílò ohun tó ti mọ́ ọn lára nígbà yẹn. Ọ̀nà ìrántí pẹ̀lú síléètì lè máa bá a lọ, torí kò jẹ́ tuntun mọ́ nígbà náà.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí n máa dá ṣe é lọ?

Ẹ má dá ṣe é. Ẹ bẹ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn kó wá jókòó sẹ́yìn, kó má wo yín rárá, kó máa wo ọmọ méjì kan, kó kọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní Japan, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olùkọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jọ kọ ètò ẹ̀kọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á kọ́ ọ, àwọn yòókù á máa wo àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ tún un ṣe. Torí pé gbogbo wọn ló kọ ọ́, àléébù rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú.

Ìpàdé unité pédagogique (ẹgbẹ́ olùkọ́ tó wà nítòsí ara wọn) yẹ fún èyí. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀rọ̀ owó oṣù la máa ń fi í sọ.

Kí ló dé tí àtúnṣe ńlá ìjọba fi máa ń forí ṣánpọ́n, tí ẹ wá ní kí èmi olùkọ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ tèmi?

Torí pé tiyín kéré ni. Ní 1975, ìjọba Ààrẹ Kérékou gbé École nouvelle (iléèwé tuntun) kalẹ̀. Iléèwé á máa dáko, á máa sin ẹran, èdè ilẹ̀ wa á wọlé. Púpọ̀ nínú èrò yẹn kò burú, mo ṣì fẹ́ràn àwọn kan níbẹ̀. Àmọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé kò tó, olùkọ́ kò tó, wọ́n ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bac (ìwé ẹ̀rí ìparí girama) lọ sí kíláàsì. Nígbà tí nǹkan bàjẹ́, kò sí kíláàsì kan tí wọn kò tíì yí padà tí wọ́n lè wò kí wọ́n fi mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Ní 1990, ní États généraux de l'éducation (àpérò ńlá lórí ẹ̀kọ́), wọ́n fi í sílẹ̀. Ètò 1999 tó tẹ̀ lé e náà kò ṣàì gbọ́ àròyé òbí àti ẹgbẹ́ olùkọ́.

Kíláàsì kan, ẹ̀kọ́ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: tó bá bàjẹ́, ẹ lè padà sí ti àtijọ́ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Ohun tí kò bá ṣeé yí padà ni kí ẹ bẹ̀rù.

Tó bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ta ló jẹ gbèsè rẹ̀?

Ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kùnà. Ìyẹn dára nígbà tí ọmọ bá fúnra rẹ̀ yan ohun tó fẹ́ gbìyànjú. Níbi tí olùkọ́ ti yàn án fún un, àkókò ọmọ ni olùkọ́ yá lò, ó sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Nítorí náà, kí ẹ tó dán nǹkan wò, ẹ wá wákàtí kan sílẹ̀ nínú ètò ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ibi tí ẹ óò ti tún ẹ̀kọ́ náà kọ́ lọ́nà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sí wákàtí bẹ́ẹ̀, àkókò àdánwò kò tíì tó.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà. "Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kò yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Kò ní bọ́ yín láṣọ. Wọ́n ti mọ̀ ṣáájú yín. Tí ẹ bá sì ti fún wọn ní ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ tó bàjẹ́ yẹn, ẹ má kọ máàkì rẹ̀ sínú ìwé èsì.